Lórí "afikúnná": kàpásítọ̀ kì í fi nǹkan kan kún iná

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: kí la ó máa pe kàpásítọ̀, ohun èlò tó ń gba iná díẹ̀ sínú tó sì ń tú u sílẹ̀ kíákíá, ní Yorùbá, pàápàá èyí gbàǹgbà tí àwọn ọmọ wa ń so mọ́ ańpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè) nínú búùtù mọ́tò kí orin lè dún dé ìdí? Èsì mẹ́ta ló ti jáde. Tíṣà wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Oǹdó ní ká pè é ní "apamọ́ná". Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ta ohun èlò orin mọ́tò ní Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, ní Àkúrẹ́, ní "afikúnná" lòun fi ń polówó rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Màmá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní ká fi kàpásítọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ta ló tún ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, "afikúnná" ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá jà. Orúkọ náà dùn, ó kúrú, ẹnu kì í kọ́ ọ. Àmọ́ irọ́ ló ń pa, irọ́ náà sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò. Iwájú ni bátìrì wà, ẹ̀yìn ni ańpù wà, wáyà tó gùn ló so wọ́n pọ̀. Bí ìlù ńlá bá ti rọ́ gììrì, ańpù á fa iná lójijì. Bí wáyà náà bá ń dènà iná ní ìwọ̀n 0.01 óòmù péré, tí ańpù sì fa 100 áńpíà, fóòtì kan gbáko ti sọnù sójú ọ̀nà kó tó dé búùtù. Fóòtì bátìrì àti ti áltánétọ̀ (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná) fúnra wọn náà á wálẹ̀ bí ańpù bá fa iná lójijì bẹ́ẹ̀; ìdí nìyẹn tí iná iwájú mọ́tò fi máa ń ṣẹ́jú bí ìlù bá ṣe ń lù. Oní-mọ́tò á wá sáré lọ bá olóhun-èlò, wọ́n á sì ta "afikúnná" fún un.

Níbo ni "afikúnná" ti ń rí iná tó fẹ́ fi kún un? Ọ̀dọ̀ áltánétọ̀ àti bátìrì kan náà ni! Kò ní orísun mìíràn. Kàpásítọ̀ 1 fáráàdì (òun la fi ń wọn bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó), tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ tí fóòtì sì wà ní 14.4, agbára iná tó tó júùlù bíi 104 ló wà nínú rẹ̀. Bí fóòtì bá wálẹ̀ sí 12, 72 ló kù. Èyí tó tú sílẹ̀ fún ańpù ò ju júùlù 32 lọ. Ańpù tó ń jẹ 1,000 wáàtì ń lo 1,000 júùlù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pín in: nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni 32 yẹn lè gbé e dé. Kí ẹ tó pajú dé, ó ti tán, kàpásítọ̀ náà sì ti padà di ọ̀kan lára àwọn tó ń nawọ́ sí áltánétọ̀ pé kí wọ́n fún òun ní tòun.

Ẹ wá wo bátìrì 60 áńpíà-wákàtí tó wà níwájú mọ́tò yẹn. Júùlù tó ju mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ lọ ló wà nínú rẹ̀ tó bá kún. Tó bá jẹ́ pé orúkọ oyè ni "afikúnná", bátìrì ló yẹ kó jẹ ẹ́, kì í ṣe kàpásítọ̀.

N ò sọ pé kàpásítọ̀ ò wúlò. Ìlù tó bá rọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́, á bá a gbé e, pàápàá tó bá wà nítòsí ańpù tí wáyà àárín wọn sì kúrú. Àmọ́ bí ohùn búfà, sípíkà ìlù ńlá, bá ń hó gbére láìsinmi, kò sóhun tó lè ṣe sí i. Ohun tí rìwáyà tó mọṣẹ́ máa sọ fún yín ni pé kí ẹ kọ́kọ́ yẹ bátìrì wò, kí ẹ pààrọ̀ wáyà mẹ́ta sí èyí tó nípọn: ti áltánétọ̀ sí bátìrì, ti ẹsẹ̀ òdì bátìrì sí ara mọ́tò, ti ẹ́ńjìnnì sí ara mọ́tò. Bí iná iwájú bá ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ́ pé áltánétọ̀ ńlá ló kù. Kàpásítọ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn. (Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò lè dùn mọ́ ẹ̀gbọ́n wa nínú, torí wáyà ò mú èrè wá tó kàpásítọ̀ tó ń tan iná búlúù.)

Ó yá, ọ̀rọ̀ kan "apamọ́ná". Tíṣà, ìtumọ̀ rẹ̀ ò burú, gírámà rẹ̀ ló há mi lọ́fun. "Pa mọ́" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń là sí méjì kí àbọ̀ lè wọ àárín rẹ̀: pa owó mọ́, pa àṣírí mọ́. Bí a bá fẹ́ yọ orúkọ jáde nínú rẹ̀, bí a ṣe yọ agbẹjọ́rò jáde nínú "gba ẹjọ́ rò", àárín ni iná gbọ́dọ̀ wọ̀. Ohun tí a ó rí ni "apanámọ́". Ta ló máa gbọ́ "apaná" tí ọkàn rẹ̀ ò ní lọ sọ́dọ̀ àwọn panápaná? Ohun tó ń pa iná la ó wá fi júwe ohun tó ń tọ́jú rẹ̀. A lè sọ pé "afinápamọ́" láti yẹra fún ìyẹn, ó bá gírámà mu, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kejì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀: bátìrì náà ń fi iná pamọ́, ó tún ń fi í pamọ́ pẹ́ jù ú lọ. Orúkọ tó bá bá bátìrì àti kàpásítọ̀ mu bákan náà ò tíì sọ nǹkan kan fún ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́.

Màmá, ọ̀rọ̀ tiyín ló le jù láti dá lóhùn, torí òótọ́ ni. Ẹni tí fáànù rẹ̀ ò bá yí mọ́, "kàpásítọ̀ ló jóná" ni oníná máa sọ fún un, ì báà jẹ́ ní Ìjàpọ̀ tàbí ní Arákàlẹ̀, yóò sì yé e. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ìyẹn padà ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àyálò náà kì í dúró sójú kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì àgbà: kàpásítọ̀ kékeré onípáànù tó máa ń wà lára pọ́ìǹtì mọ́tò àtijọ́, tí kì í jẹ́ kí pọ́ìǹtì tètè jóná, kọ̀ńdẹ́nsà ni wọ́n ń pè é. Ará Ítálì nì, Alessandro Volta, ló gbé orúkọ yẹn kalẹ̀ ní 1782, ó sì pẹ́ kí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tó fi í sílẹ̀ mú kàpásítọ̀. Lónìí, ẹ lọ sọ fún ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì pé ẹ fẹ́ kọ̀ńdẹ́nsà, ohun tó wà níwájú rádíétọ̀, ti ẹ̀rọ amúlétutù, ló máa gbé fún yín. Bí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, kí ló dé tí àwa ò lè dá tiwa kalẹ̀ fún ìwé àwọn ọmọ wa?

Èyí tí mo mú wá ni "agbanásẹ́nu".

Ẹ tú u: a, gbà, iná, sí, ẹnu. Bí èèyàn ṣe ń gba omi sẹ́nu láìgbé e mì, tó sì ń fẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan yìí ṣe ń ṣe sí iná. Ẹnu kéré, kò lè gba omi àmù, ṣùgbọ́n ó yára gbà, ó sì yára tú u sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti bátìrì gan-an nìyẹn, torí inú bátìrì, oògùn ni wọ́n ń fi pò ó, ìyẹn sì máa ń falẹ̀. "Gbà" tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń jẹ́wọ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni iná ti wá. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ agbanásẹ́nu tó máa rò pé ó ń bí iná.

Ẹnìkan ti kọ sí mi níkọ̀kọ̀ pé ó jọ orúkọ ọfọ̀. Ó ṣeé ṣe! Ayárabíàṣá náà jọ ọ́, a sì ń lò ó. Ohun tó ká mi lára jù ni bóyá ó lè bímọ, nítorí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí kò bá bímọ, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Mo dán an wò. "Ìgbanásẹ́nu" fún iṣẹ́ tó ń ṣe, "ìwọ̀n ìgbanásẹ́nu" fún ohun tí a ń fi fáráàdì wọ̀n. Fáráàdì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, orúkọ èèyàn ni, Michael Faraday. A kì í túmọ̀ orúkọ èèyàn. Ẹ wá gbìyànjú "ìwọ̀n ìfikúnná" kí ẹ wo bó ṣe máa rí: ìwọ̀n ohun tí kò sí.

Ó tún bá ìkìlọ̀ mu. Agbanásẹ́nu tó ṣófo, bí ẹ bá so ó mọ́ bátìrì ní tààrà, ó máa fa iná wọlé lójijì débi pé yóò ta pàrà bí ẹni ń jó irin. Resistor (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) tàbí gílóòbù kékeré ni wọ́n ń fi sáàárín, kó lè rọra gba iná sẹ́nu títí yóò fi kún. Bákan náà, ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò lára mọ́tò gbọ́dọ̀ tú iná inú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà yẹn kó tó jù ú sínú àpò, torí ẹnu rẹ̀ ò tíì ṣófo. Ẹ wo bí orúkọ náà ṣe ń bá mi ṣàlàyé.

Tíṣà, ẹ bá mi lo agbanásẹ́nu pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì jíṣẹ́ ohun tí wọ́n bá sọ, kódà tí wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, mi ò ní kí ẹ pa pátákó yín rẹ́, àmọ́ ẹ bá wa bi oníbàárà tó ń bọ̀ bóyá ó ti pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó tà fún un. Ẹni tó bá sì ní orúkọ tó dára ju tèmi lọ, kó mú un wá, bí kò bá ṣáà ti sọ pé ó ń fi kún un.