“Ní pàtó” kọ́: orúkọ wo ni ká pe àṣẹ tó ní kí onílẹ̀ tà bó ṣe ṣèlérí?

Ẹni tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ ní ká máa pe specific performance, ìyẹn àṣẹ kóòtù pé kẹ́ni tó ṣàdéhùn ṣe ohun tó ṣèlérí gan-an, ní “ìmúṣẹ àdéhùn ní pàtó”. Ẹlòmíì ní “ìfipátà” ló yẹ ẹ́. Ẹ má bínú, n ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Bàbá kan fẹ́ ta pílọ́ọ̀tì kan lápá Under G. Wọ́n ná an, ọ̀rọ̀ wọ̀, ẹni tó fẹ́ rà á san ìdajì. Wọ́n já rìsíìtì fún un: orúkọ àwọn méjèèjì, ibi tí ilẹ̀ wà, iye rẹ̀, ọjọ́ tí owó tó kù máa wọlé. Kọ́jọ́ ọ̀hún tó pé, ẹnì kan tó fẹ́ kọ́lé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH gbówó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dé. Ni bàbá bá ní, “Ẹ wá gba owó yín, a ò tà mọ́.” Onítọ̀hún fèsì pé, “Ilẹ̀ ni mo wá rà, bàbá, n ò yá yín lówó.”

Ibẹ̀ gan-an lẹjọ́ wà. Tí adájọ́ bá ní kí wọ́n san gbà-má-bìínú, owó lonítọ̀hún máa gbà lọ sílé. Ṣùgbọ́n òfin gbà pé ilẹ̀ kan ò dà bí èkejì, owó ò sì lè rọ́pò rẹ̀, nìdí tí kóòtù fi lè ní kí onílẹ̀ ṣe ohun tó ṣèlérí gan-an. “Ní pàtó” ò gbé ìyẹn yọ rárá.

“Ìfipátà” ló wá burú jù. Létí ará ọjà, gbàǹjo ẹrù onígbèsè nìyẹn. Ta ló fipá mú bàbá? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gbà. Kóòtù ò sì ń ṣàdédé pàṣẹ ọ̀hún: olùrà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣe tán láti san èyí tó kù, òun ò sì yẹ àdéhùn.

“Àṣẹ ṣe-bó-o-ti-wí” ni tèmi. Ọmọ ìyá gbà-má-bìínú ni. Agbẹjọ́rò á lè sọ pé ṣe-bó-o-ti-wí loníbàárà òun ń bẹ̀bẹ̀ fún, bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fún un ní gbà-má-bìínú. Ẹnì kan á ní ṣé adájọ́ á wá máa pe bàbá àgbà ní “o” ni. Gbà-má-bìínú náà ò kúkú sọ pé “ẹ gbà”.

Ẹ má lò ó fún ilẹ̀ tí wọ́n ti tà tán o. Nínú àṣà, bí owó bá pé níṣojú ẹlẹ́rìí, tí wọ́n sì ti fa ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́, títà ti parí, ìwé ìbáà má sí. Ẹjọ́ ta-ló-ni-ín nìyẹn. Àdéhùn àtità lèmi ń sọ.

Orí rẹ̀ ni wàhálà kejì wà. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí ìjọba tó gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíì. Àwọn onílẹ̀ kan á wá ní níwọ̀n bí gómìnà ò tíì fọwọ́ sí i, àdéhùn ò sí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Awojugbagbe àti Chinukwe, 1995, pé ẹni méjì lè ṣàdéhùn kí wọ́n tó lọ gbàṣẹ. Irú àdéhùn tó ń retí gómìnà yìí, kí lẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù ń pè é?