Omi Ọ̀ṣun tí màmá mi ń mu: ṣé sísè tó?

Àdùkẹ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ilé wa ò jìnnà sódò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá wọ omi dé orúnkún, mo máa ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Ní báyìí, ó ti pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Lánàá mo bu ú sínú ike funfun, mo gbé e sójú fèrèsé. Ilẹ̀ ṣú, kò tòrò. Àárọ̀ yìí ni ẹrẹ̀ ẹ̀ tó rọ̀ sísàlẹ̀, ó nípọn tó ìka méjì.

Bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé lóṣù kẹjọ, màmá mi á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ pọn ọ́n wálé. Wọ́n ń mu ún, wọ́n sì ń bu fún ọmọ mi ọlọ́dún méjì. Mo sọ̀rọ̀ àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Màmá ní Ọ̀ṣun tí ń fi omi tútù wo ọmọ ò lè pa ọmọ, pé àwọn á sè é, àwọn á ju álọ́ọ̀mù sí i. Ṣé ìyẹn tó? Ẹ jọ̀ọ́, ọkàn mi ò balẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:
Ọmọ mi, mo ti ṣe iṣẹ́ góòlù rí lápá ọ̀dọ̀ wa, kí n tó jáwọ́. Omi la fi ń fọ yẹ̀pẹ̀ tá a bá wà, ẹrẹ̀ ìfọ̀ náà ló ń ṣàn padà sódò. Àwọn kan tún ń da mákúrì sí i, omi fàdákà tí í yí gbirigbiri nínú àwo yẹn. Á gbá góòlù mọ́ra, wọ́n á wá finá jó o títí góòlù á fi ṣẹ́kù. Èyí tó bá dà nù, odò ló ń gbà á. Ẹ bá mi sọ fún màmá pé ẹnikẹ́ni ò fẹ̀sùn kan ìyá. Àwa ọmọ la da nǹkan sí i.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá:
Àǹtí Àdùkẹ́, kò tó o. Kòkòrò àìfojúrí ni sísè ń pa. Mákúrì àti òjé, irin olóró tó lè wà nínú òkúta góòlù, ò bá sísè lọ. Bí omi bá ṣe ń fà sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ki sí i nínú èyí tó kù. Álọ́ọ̀mù á fa ẹrẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ èyí tó ti yòrò wà níbẹ̀, ojú omi á sì mọ́ débi tẹ́ ẹ ó fi fọkàn tán an. Ẹ ṣọ́ra fẹ́ja ńlá inú odò náà pẹ̀lú, torí mákúrì máa ń kó jọ sí wọn lára. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá àwọn ará Minamata ní Jápáànì, tí wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn náà lọ́dún 1956: ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ń ṣú, wọ́n sì ń bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bà jẹ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Ẹ má fún ọmọ yẹn mu mọ́. Bí ó bá ti ń mu ún tipẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé.

Àdùkẹ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Mo ka gbogbo ẹ̀ sí wọn létí. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìjẹ̀ṣà ló mú wọn, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ti gbà pé ọmọ ò ní í mu ún mọ́. Tiwọn ni wọn ò tíì dáhùn. Kẹ́ẹ̀gì ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò.