Èsì: Àtúndì ìbò kọ́ ni ìbò àṣekágbá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní kí á máa pe ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n ń dì nílẹ̀ Faransé bí ẹnikẹ́ni kò bá gbà ju ìdajì ìbò lọ lọ́jọ́ kìíní, èyí tí òyìnbó ń pè ní run-off, ní "àtúndì ìbò". Wọ́n ní ó ti wà lẹ́nu àwọn oníròyìn, kí la tún ń wá kiri? Àbúrò kan wá fèsì pé "ìbò ẹlẹ́ni-méjì" ló dáa jù. Ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n, ti àbúrò náà sì ń kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí "àtúndì ìbò" ti mọ́ wa lẹ́nu. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, wọ́n dìbò gómìnà l'Ọ́ṣun. Adeleke fi ìbò 353 ṣáájú Oyetola, ṣùgbọ́n àjọ INEC ní ìbò kò tíì parí, torí pé ti ibùdó ìdìbò méje kò ṣeé kà, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì ju 353 lọ fíìfíì. Lọ́jọ́ 27, ibùdó méje yẹn nìkan ni wọ́n padà lọ. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Oyetola ló fi 482 ṣáájú. Ẹ kíyè sí i: àwọn olùdíje ọjọ́ kìíní náà ló wà lórí ìwé ìdìbò, wọ́n sì da ìbò tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ibi tó bàjẹ́ ni wọ́n tún ṣe. "Àtún" inú ọ̀rọ̀ yẹn kò purọ́.

Nílẹ̀ Faransé, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìjókòó 577 ló wà nílé aṣojú-ṣòfin wọn, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń yan ẹnì kan. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé lọ́jọ́ kìíní gbọ́dọ̀ gbà ju ìdajì ìbò lọ, ìbò náà sì gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ṣe é, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún máa jáde. Àwọn méjì tó ṣáájú ló ń lọ, àti ẹnikẹ́ni mìíràn tí ìbò rẹ̀ bá tó ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni "ẹlẹ́ni-méjì" ti dẹnu kọlẹ̀. Lọ́dún 2024, ní ẹkùn tó lé ní 300, ẹni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yege fún ìbò kejì. Kí ó tó di ọjọ́ ìbò, èyí tó lé ní 200 nínú àwọn olùdíje ti yọ orúkọ wọn kúrò, púpọ̀ nínú wọn torí kí ìbò àwọn tí kò fẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú apá ọ̀tún ti Marine Le Pen má baà pín. Ẹgbẹ́ yẹn ló ṣáájú lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà. Nígbà tí wọ́n ka ìjókòó lọ́jọ́ 7 oṣù Keje, ipò kẹta ló bọ́ sí. Kí ni wọ́n wá tún dì níbẹ̀? Orúkọ ti yí, òdo ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ kíkà.

Kò yẹ kí á lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará wa ní Kétu àti Sakété ti ń dìbò, Lionel Zinsou ló ṣáájú nínú ìbò ààrẹ oṣù Kẹta ọdún 2016 pẹ̀lú ìdá 28 ó lé díẹ̀; Patrice Talon kò tó 25. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Talon gba ju ìdá 65 lọ. Bí oníròyìn bá pe ìyẹn ní àtúndì ìbò, ará Ìbàdàn tó ń gbọ́ ọ á ti rò pé wọ́n jí àpótí gbé.

Mo mọ ìdí tí etí wa kò fi tíì bèèrè orúkọ mìíràn. Ní Nàìjíríà, òfin fàyè gba ìbò kejì fún ipò ààrẹ, ṣùgbọ́n a kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò sì ní in rárá: ẹni tó bá ṣáájú, ì báà jẹ́ ìbò kan ṣoṣo, ó ti wọlé. Ní Georgia l'Amẹ́ríkà, David Perdue gba ìdá 49.7 fún ìjókòó sẹ́nétọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, òun ló sì ṣáájú. Níbí, ó ti ń gbàwé-ẹ̀rí mo-yege nìyẹn. Lọ́hùn-ún, kò tó ìdajì, wọ́n ní kó padà wá. Jon Ossoff nà án lọ́jọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2021.

Èmi ní "ìbò àṣekágbá". Ẹni tó bá ń gbọ́ eré bọ́ọ̀lù lórí rédíò mọ̀ pé àwọn kan ti já, àwọn tó yege ló kù, àmì-ayò wọn ti tẹ́lẹ̀ kò sì bá wọn wọ pápá. Kò dárúkọ iye ènìyàn, nítorí náà mẹ́ta Faransé kò ní dà á rú. Ẹ̀gbọ́n lè ní èdè bọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù lẹ́nu olóṣèlú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, bọ́ọ̀lù kàn yá a lò ni.

Àwọn kan á fẹ́ "ìbò ìpele kejì". N kò ní bá wọn jà, àmọ́ mo fẹ́ kí á fi "ìpele" pa mọ́ fún Australia. Níbẹ̀, ẹni tó ń dìbò fún ilé aṣojú-ṣòfin máa ń kọ 1, 2, 3 sí iwájú gbogbo orúkọ títí yóò fi tán. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbà ju ìdajì lọ, wọ́n á yọ ẹni tó kẹ́yìn, wọ́n á pín ìwé rẹ̀ fún àwọn tí olùdìbò kọ 2 sí, wọ́n á tún kà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún jáde nílé. Kíkà ló ní ìpele, kì í ṣe dídì. "Ìbò onípò" ni mo fẹ́ fi pe ìyẹn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kó gbé e wá.