Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìṣeré omi ọ̀fẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ kékeré méjì lọ́wọ́ mi

Màmá Tólú (Ọba-Ilé): Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àtàwọn ọmọ ń ti Àkúrẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ibì kan wà ní Granary Square, lẹ́bàá King's Cross, tí omi ti ń tú yàà jáde látinú ilẹ̀ táwọn ọmọdé ń sá kiri nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Tólú ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, àbúrò rẹ̀ ṣì ń lo pámpásì. Ìyá ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ dán an wò, pé òtútù á wọ ọmọ lára. Ṣé kí n lọ? Kí ni kí n mú dání?

Ìyá Ìbejì: Lọ o jàre! Ọmọ tó ń jó nínú òjò ní Ọba-Ilé, kí lomi Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi í ṣe? Ojú omi 1,080 ni wọ́n tò sílẹ̀ pẹrẹsẹ níbẹ̀. Àwọn ìbejì mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ léṣìí. Ṣùgbọ́n mú aṣọ ìpààrọ̀ dání, títí dórí pátá. Nínú oṣù kẹjọ pàápàá, bí atẹ́gùn bá fẹ́ lu ọmọ tí ara rẹ̀ tutù, á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ti òtútù kọ́ lẹ̀rù ń bà mí sí. Omi ọ̀pọ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe omi tuntun. Ó ń padà sínú táǹkì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi kilorínì sí i, á tún tú jáde. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Cryptosporidium lè wà láàyè ju ọjọ́ 7 lọ nínú omi tó ní kilorínì, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà. Bí inú èyíkéyìí nínú wọn ò bá dáa, ẹ jókòó sílé. Pámpásì omi, èyí tọ́mọ ń wọ̀ wọnú omi, ò lè dá ìgbẹ́ olómi dúró. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí wákàtí, ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá omi. Ẹ kìlọ̀ fún Tólú kó má gbé omi náà mì.

Màmá Tólú: Háà! Tólú tó ń mu omi tí mo fi fọ abọ́?

Bàbá Dámi: Ẹ fún un lómi mu yó kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀ fún wọn. Ẹ má sì gbójú kúrò lára kékeré torí pé omi ò jìn, èrò ibẹ̀ máa ń pọ̀.

Ìyá Ìbejì: Irun ńkọ́? Má lọ náwó sórí ẹ̀ lọ́jà Ọba o. Dì í ní pàtẹ́wọ́, má fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i.

Màmá Tólú: Ẹ ṣé gan-an. Ó ku ìyá ọkọ mi.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìgbà táwọn ọmọ bá ti wọ súwẹ́tà tán ni kẹ́ ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn.