"Ìkókìkí" ni kí a pe 'hype', ì báà jẹ́ ti ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tàbí ti ẹni tó ń gbá a

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìròyìn eré ìdárayá ní Houston béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni a ó máa pe 'hype', ìyẹn ìyìn àti ìrètí ńlá tí àwọn ènìyàn ń gbé ka ẹnì kan lórí, tí a bá ń kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti dá a lóhùn pé kí a pín in sí méjì: kí ti àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù máa jẹ́ "òkìkí", kí ti àwọn ajubọ́ọ̀lù sì máa jẹ́ "ariwo", nítorí pé apá àwọn ajubọ́ọ̀lù kì í pẹ́ bàjẹ́. Mo ti ka gbogbo àlàyé yín, n kò sì fara mọ́ ọn rárá.

"Ariwo" ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó pe ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 2001. Ẹgbẹ́ Minnesota Twins ló kọ́kọ́ yàn lọ́dún náà nínú ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Mark Prior, ajubọ́ọ̀lù Yunifásítì Southern California, ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé kò tíì sí ajubọ́ọ̀lù yunifásítì tó tó o rí. Twins fò ó dá, wọ́n mú Joe Mauer, ọmọ ilé ìwé girama tó jẹ́ ọmọ ìlú Saint Paul, ìtòsí pápá wọn gan-an. Àwọn ènìyàn ní ahun ni wọ́n, pé owó Prior ni wọn kò lè san. Chicago Cubs ló mú Prior ṣìkejì, wọ́n sì kọ mílíọ̀nù 10.5 dọ́là fún un.

Ní 2003, Prior borí nínú eré 18, ó pàdánù nínú mẹ́fà péré, ó sì fi jíjù nìkan lé àwọn tó ń gbá kúrò nídìí igi nígbà 245. Ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ ṣẹ pátápátá. Èjìká ló yẹ̀ ẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2006 ló jù kẹ́yìn nínú líìgì àgbà, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 26. Mauer ní tirẹ̀ gbá fún Twins nìkan láti 2004 títí di 2018, ó ṣe ipò kìíní nínú gbígbá ní líìgì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì gbà á sí Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bésíbọ́ọ̀lù ní Cooperstown, ní 2024. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé Twins ló gbọ́n jù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún mi pé ariwo lásán ni wọ́n pa lórí Prior. Ẹni tó rí i ní 2003 mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí a bá lò fún ohun tí àwọn ènìyàn sọ ní 2001 kò gbọdọ̀ dúró de ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2006 kí ó tó ní ìtumọ̀.

"Òkìkí" náà kò bá a mu, láti ọ̀nà mìíràn. Òkìkí máa ń kàn ni. Ẹni tó ni ín ti ṣiṣẹ́ kan, iṣẹ́ náà ló bí i. Bryce Harper, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi igi gbá, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ìwé ìròyìn eré ìdárayá Sports Illustrated gbé àwòrán rẹ̀ sí ojú ìwé iwájú wọn ní oṣù kẹfà ọdún 2009. Iṣẹ́ wo ló tíì ṣe nínú líìgì àgbà nígbà náà? Kò sí. Àwọn ẹlòmíràn ló ń kókìkí rẹ̀. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: tí a bá ní wọ́n ń kókìkí ẹnì kan, etí tó bá gbọ́ Yorùbá yóò béèrè lójú ẹsẹ̀ pé ta ni "wọ́n". Àwọn tí ẹgbẹ́ ń rán kiri láti wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Àwọn tó ń to orúkọ ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ sínú ìwé ìròyìn lọ́dọọdún ni. Àwọn aṣojú tó ń bá wọn dúnàádúrà náà wà níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn wúlò fún òǹkàwé, "ìkókìkí" ló sì gbé e dání. (Ẹnì kan dábàá "ìpolówó". Ó bá aṣojú mu, ṣùgbọ́n kò bá ẹni tí kò ní ọjà kankan láti tà mu.)

N kò sọ pé ti ajubọ́ọ̀lù àti ti ẹni tó ń gbá dọ́gba. Wọn kò dọ́gba rárá. Ajubọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré kì í jù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, gbogbo ènìyàn sì mọ ọjọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ sì wà tó ń wọn eré bọ́ọ̀lù rẹ̀. Tó bá ti jù ú ní máìlì 100 ní wákàtí kan, ọmọdé pàápàá yóò lanu. Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2010 ni Stephen Strasburg kọ́kọ́ jù fún Washington Nationals, pápá kún fọ́fọ́ dè é. Ó lé àwọn ọmọ Pittsburgh Pirates kúrò nídìí igi nígbà 14, kò sì fún ẹnì kankan ní ìrìn ọ̀fẹ́ (èyí tí ẹni tó ń gbá máa ń rí tí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù tí kò dára lẹ́ẹ̀mẹrin). Harper dé inú ẹgbẹ́ kan náà ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ní Los Angeles, lójijì, torí pé ẹlòmíràn fara pa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ pàápàá lè kùnà nígbà méje nínú mẹ́wàá, nítorí náà ọjọ́ kan kò lè fi í hàn. Ìkókìkí ti ajubọ́ọ̀lù máa ń ga lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ẹni tó ń gbá máa ń gùn. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe lè sọ ìyẹn, kò dìgbà tí a bá ya orúkọ sọ́tọ̀.

Strasburg náà ni yóò da ìpín méjì yẹn rú. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìgúnpá, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún Tommy John ní 1974. Ní 2019, òun ni wọ́n yàn ní eléré tó pegedé jù lọ nínú World Series, ìdíje àṣekágbá ọdún. Wọ́n kọ mílíọ̀nù 245 dọ́là fún un fún ọdún méje, eré mẹ́jọ péré ló sì rí jù nínú rẹ̀. Ọdún wo ni ẹ ó ti pè é ní òkìkí, ọdún wo ni yóò di ariwo?

Kí ni ẹ ó wá pe ti Shohei Ohtani? Ó ń jù, ó ń gbá. Ní 2024, ìgúnpá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kò jẹ́ kí ó ju bọ́ọ̀lù kan, síbẹ̀ ó gbá bọ́ọ̀lù 54 kọjá ògiri pápá, ó sì sáré jí béèsì (ibi ìdúró tí àwọn tó ń gbá ń sá dé) nígbà 59. Ara kan náà, ọdún kan náà. Matt Bush tún wà, tí ẹgbẹ́ San Diego Padres fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ ní 2004 torí gbígbá rẹ̀ àti bó ṣe ń ṣọ́ pápá, tó sì jẹ́ pé jíjù ló gbé e dé líìgì àgbà ní 2016.

Lórí 'prospect', ìyẹn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń retí pé yóò dé líìgì àgbà, mo fara mọ́ "ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́" láìjanpata. Ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ti wọlé, kò tíì dàgbà níbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó ti fọwọ́ síwèé tó ṣì wà ní líìgì kékeré. Ẹni tó ṣì wà nílé ìwé kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń gbá, "agbábọ́ọ̀lù" nìkan kò tó, eléré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti gbà á. Mo dìbò fún "afigigbá" títí ẹnì kan yóò fi mú èyí tó dára jù ú lọ wá.

Ẹ̀gbọ́n Houston, tí ẹ bá fẹ́ lò ó nínú ìròyìn yín, bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí: "Láti Yunifásítì Louisiana State ni wọ́n ti ń kókìkí ajubọ́ọ̀lù Paul Skenes, ìgbà tó dé Pittsburgh ní 2024 ni òkìkí rẹ̀ kàn."