Kọ̀ǹpútà géèmù fún àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́: kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Láti Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ajílété. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní LAUTECH, Under G ló ń gbé. Ó fẹ́ kí n bá òun ra àwọn ẹ̀yà tí òun máa fi to kọ̀ǹpútà géèmù fúnra òun. Mi ò to irú ẹ̀ rí, owó ọwọ́ mi ò sì pọ̀. Inú ẹrù tí mo máa gbé wálé lóṣù Kejìlá ni mo fẹ́ kó o sí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Láti Manchester:
Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kó o tó náwó. Power pack, ìyẹn ẹ̀yà tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà, ni kó o kọ́kọ́ mú. Mo mọ̀ pé graphics card, èyí tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ní kó o fi ṣáájú, ṣùgbọ́n ohun tójú mi rí ni mò ń sọ yìí. Nígbà tí mo wà ní Amẹ́ríkà, mo ra power pack olówó pọ́ọ́kú kan, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Tákíè. Ní ẹ̀yìn power pack náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà ń wọ̀, bọ́tìnnì pupa kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná lọ, 115 ló hàn lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i nínú àwa méjèèjì. Iná Amẹ́ríkà, tó jẹ́ bíi 120 volt, ni 115 yẹn wà fún, tiwa nílé jẹ́ 230 sí 240. Bọ́mọ náà ṣe tan án báyìí, ó dún gbòà, òórùn rọ́bà tó jóná gba gbogbo yàrá. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Nítorí náà, èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí lára ni kó o rà. Ìyẹn ò ní bọ́tìnnì pupa yẹn, fúnra rẹ̀ ló ń mọ iná tó ń wọlé. Wátì 550 tó ọ, kí àmì 80 Plus Bronze wà lára rẹ̀. Àmì yẹn ń sọ pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, kò sọ pé ó máa pẹ́, torí náà wo ohun tí àwọn tó ti tú u wò sọ nípa rẹ̀. Má ra tòkunbọ̀ power pack láé. Orí wáyà Amẹ́ríkà ò ní wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, kí àbúrò rẹ ra wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nílé.

Fún processor, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, Ryzen 5 5600 ni. Ọdún 2022 ló jáde, core mẹ́fà, wátì 65, èyí tó wà nínú páálí sì ní fáànù tirẹ̀, wọ́n ti fi thermal paste, ohun tó ń gbé ooru kúrò lára processor, pa á nídìí. Motherboard B550, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé, ni kó o fi sí i. B450 tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè má dá a mọ̀ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe update BIOS rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ náà tí wọ́n bá tàn án.

RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, irú tó ń jẹ́ DDR4 ni, 16GB, ṣùgbọ́n oní-8 méjì ni kó o rà, kì í ṣe oní-16 ẹyọ kan. Ojú ihò kejì àti ìkẹrin, tí a bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ processor, ni kó kì wọ́n bọ̀. SSD 1TB ni kó máa tọ́jú géèmù sí, ó parí.

Graphics card ló máa jẹ owó jù. RX 6600 tó ní 8GB dáa gan-an fún ojú kọ̀ǹpútà 1080p, wátì 132 péré ló ń jẹ. Èyí ni mo gbà kó o ra tòkunbọ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ń tà á bá lè fi géèmù dán an wò lójú ẹ fún ogún ìṣẹ́jú.

Láti Toronto:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un: 5600 yẹn ò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, 5600G ló lè ṣe é. Ọmọ mi ní Ọ̀yọ́ fi ọjọ́ méjì wá ohun tó bàjẹ́, àṣé ara motherboard ló ki HDMI, wáyà tó ń gbé àwòrán lọ sójú kọ̀ǹpútà, bọ̀. Ara graphics card ni kó kì í bọ̀ o.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé àpótí kọ̀ǹpútà tàbí UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró fúngbà díẹ̀, wá, wọ́n gba àyè, UPS sì wúwo. A máa rà wọ́n nílé. Kí àpótí náà ṣáà ní àsẹ́ níwájú, torí eruku ọyẹ́. Tí iná bá lọ, UPS á fún un láyè láti pa ẹ̀rọ náà dáadáa.

Láti Houston:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí power pack kan. Mo máa ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó sanwó.

Láti Manchester:
Yà á kó sún mọ́ mi dáadáa, kí n rí ibi tí wáyà ń wọ̀.