Ọmọ ẹṣin mi fẹ́ rí dókítà eyín fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abo ẹṣin mi ti pé ọdún 2 àti oṣù 4, a ò tíì ki ìjánu bọ̀ ọ́ lẹ́nu rí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń tu koríko tó jẹ dànù ní ìṣù-ìṣù. Dókítà ẹran ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ni wọ́n máa ṣe fún un? Ẹ̀rù ń bà mí, kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan ẹnu òun.

Èsì 1: Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tí á mú un tòògbé lórí ìdúró, wọ́n á fi irin la ẹnu rẹ̀, wọ́n á tanná wò ó. Àgbọ̀n òkè ẹṣin fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà etí eyín máa ń mú, á máa gé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n á rẹ́ etí eyín tó mú náà.

Èsì 2: Ẹ ní kí wọ́n wo eyín kékeré tó máa ń hù níwájú eyín ẹ̀yìn. Ìjánu máa ń kàn án. Wọ́n yọ ti akọ tèmi ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Tó bá tó ọdún 2 àbọ̀, eyín ọmọdé náà á máa bọ́.

Èsì 3: Láti òní, ẹ máa fọwọ́ pa á létè díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ń lọ bá a ní ilé ẹṣin báyìí.